Ẹja Etí Òkun: Ṣé Owó Tí A San Ti Parí Ọ̀rọ̀?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó tẹ́ ilẹ̀, tó da omi òkun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì fi ohun tí ẹnu ń jẹ sínú méjèèjì. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, oúnjẹ ọlidé pàápàá. Ẹnì kan fi owó tó fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ rin ìrìn-àjò lọ sí ìlú olóoru kan létí òkun. Ó jókòó sórí iyanrìn ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sun ẹja fún un lórí ẹyín iná, ó jẹ ẹ́, ó sanwó, ó dìde. Ìbéèrè wa ni pé: nígbà tó san owó yẹn tán, ǹjẹ́ ó ku ohun kan lọ́rùn rẹ̀, àbí kò kù?

Àwọn kan yóò ní kò kù. Wọ́n á ní ẹja jẹ́ hàlálì, owó náà jẹ́ hàlálì, ẹni tó tà á fẹ́ tà, ẹni tó rà á fẹ́ rà. Kí ló tún ṣẹ́ kù? Àwọn mìíràn wà ní òdìkejì. Àwọn yẹn ní ìrìn-àjò ìgbádùn fúnra rẹ̀ kò yẹ ọmọ Mùsùlùmí, pé ẹni tó bá ń jẹ alákàṣà létí òkun nígbà tí ebi ń pa ẹlòmíràn ti dẹ́ṣẹ̀ kó tó nu ẹnu. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ló ṣìnà díẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Ìlú tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, ẹ jẹ́ kí a mú ibì kan pàtó. Ibẹ̀ náà ni Zanzibar, nínú Òkun Íńdíà, ní ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn Áfíríkà. Erékùṣù ńlá méjì ló wà níbẹ̀, Unguja àti Pemba, pẹ̀lú àwọn kéékèèké tó yí wọn ká. Ọdún 1964 ni Zanzibar para pọ̀ mọ́ Tanganyika, tí àwọn méjèèjì sì di Tànsáníà. Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé àwọn olùgbé ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,900,000. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Àlejò tó wọ ibẹ̀ láti ìlú òkèèrè ní ọdún 2023 nìkan lé ní 600,000. Nígbà tí àlejò bá pọ̀ tó báyìí, ohun tí àlejò ń jẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò nìkan mọ́.

Ẹni tó bá dé Stone Town, ìlú àtijọ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2000, yóò gbọ́ nípa ọgbà Forodhani. Etí omi gan-an ni ọgbà náà wà, níwájú Odi àtijọ́ àti ààfin ńlá tí Sultan Barghash kọ́ ní 1883. Wọ́n tún ọgbà náà ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2009. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn tó ń ta oúnjẹ á to tábìlì wọn, wọ́n á tan iná, èéfín á sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ẹja oríṣiríṣi wà níbẹ̀, edé ńlá wà, akàn wà, alákàṣà wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ nì tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní pweza wà pẹ̀lú. Wọ́n á gún wọn mọ́ igi bí ẹní gún sùyà. Àlejò á nawọ́ sí èyí tó wù ú, wọ́n á dá iye rẹ̀ fún un, wọ́n á sì gbé e padà sórí iná kí ó lè gbóná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹlòmíràn ń fún omi ìrèké pẹ̀lú atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Kò sí àṣehàn níbẹ̀. Ọmọ ìlú ń jẹ, àlejò ń jẹ, ọmọdé sì ń sáré kiri láàárín wọn.

Bí àlejò bá kúrò ní ìlú, ó lè lọ sí Nungwi ní àríwá, tàbí Paje àti Jambiani ní ìlà-oòrùn. Ní ìlà-oòrùn yìí, bí òkun bá fà, ó máa ń jìnnà réré sí ilẹ̀, àpáta abẹ́ omi á sì yọ síta. Nígbà náà ni ẹ ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń rìn nínú omi tó mu wọ́n dé orúnkún, ọ̀pá lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń yọjú wo ihò àpáta kan lẹ́yìn òmíràn, tí wọ́n ń wá pweza. Àwọn obìnrin kan náà ló ń gbin ewéko òkun fún títà, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Paje àti Jambiani ní 1989. Àwọn ọkùnrin ń wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń pè ní ngalawa lọ sí ibi tó jìn. Àwọn mìíràn ń fi òru ṣe iṣẹ́, wọ́n ń fi àtùpà tan àwọn ẹja wẹ́wẹ́ bí yọ́yọ̀ wá sínú àwọ̀n. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni oúnjẹ tó wà lórí tábìlì ti wá.

Ìgbádùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tó ń ka ìgbádùn sí ẹ̀ṣẹ̀ lóhùn. Nínú Súrà karùn-ún Alùkùránì, ẹsẹ 96, Ọlọ́hun ṣe ohun tí a ń mú nínú òkun àti oúnjẹ inú rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ fún wa. Kì í ṣe nítorí kí ebi má baà pa wá nìkan; ó pè é ní ohun ìgbádùn, ó sì dárúkọ arìnrìn-àjò mọ́ ọn. Ta ni àwa wá jẹ́ tí a ó fi sọ pé arìnrìn-àjò kò gbọdọ̀ gbádùn ohun tí Ọlọ́hun dárúkọ fún un? Lóòótọ́, àwọn onímímọ̀ ní ìyàtọ̀ díẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Ìmáàmù Abu Hanifa kì í jẹ ju ẹja lọ nínú ohun òkun. Ìmáàmù Málíkì tí àwa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tọ ọ̀nà rẹ̀, àti Ìmáàmù Ṣáfíì tí àwọn ará Zanzibar ń tọ ọ̀nà tirẹ̀, ṣílẹ̀kùn náà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pweza àti alákàṣà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà láàárín àwa àti àwọn tó gbà wá lálejò.

Ìtàn kan sì wà tó yẹ kí a rántí. Jábírì ọmọ Abdullah ló sọ ọ́, ó sì wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim. Ànọ́bì wa rán nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn jáde lọ sí apá etí òkun, ó sì fi Abu Ubaydah ọmọ Al-Jarrah ṣe olórí wọn. Oúnjẹ wọn fẹ́ tán. Abu Ubaydah gba èyí tó kù lọ́wọ́ olúkúlùkù, ó kó o pọ̀ sójú kan, ó sì ń pín in díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé dàbínù kan ṣoṣo ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Nígbà tí ebi le jù, ewé igi ni wọ́n ń jẹ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń pe wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun ewé. Lẹ́yìn náà ni òkun gbé ẹja kàbìtì kan jù síta. Wọ́n jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ títí ara wọn fi padà bọ̀ sípò. Wọ́n gbé egungun ìhà rẹ̀ nàró, ẹni tó gun ràkúnmí sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n padà dé Mẹ̀dínà, wọ́n ròyìn fún Ànọ́bì. Ó fi yé wọn pé ọrọ̀ tí Ọlọ́hun pèsè fún wọn ni, ó sì béèrè bóyá ó kù lára rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fún un, òun náà sì jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ wo ohun mẹ́ta nínú ìtàn yìí. Èkíní, àwọn sàábé jẹ ẹja létí òkun, wọ́n jẹ àjẹyó, kò sì sí ẹni tó bá wọn wí. Èkejì, kí ẹja tó dé, wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń pín dàbínù kan. Ọwọ́ tó ti mọ pípín nínú àìní ló mọ jíjẹ nínú ọ̀pọ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹun ní ìpín nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí Ànọ́bì bi wọ́n kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ gùn. Orí ẹ̀kẹta yìí gan-an ni ìyókù ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Àárín àwa àti ta ni owó parí ọ̀rọ̀ sí?

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a yíjú sí àwọn tó ní owó tí a san ti parí gbogbo rẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí a bá dá iye kan, tí àwa àti ẹni tó ń tà fohùn ṣọ̀kan, tí a sì san án láìyọ, ọ̀rọ̀ ti parí láàárín àwa àti òun. Kò lè ṣẹ́rí padà lọ́la pé a jẹ òun ní gbèsè. Èyí jẹ́ ẹ̀tọ́, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wò ó. Àmọ́ àárín ènìyàn méjì ni àdéhùn náà wà. Ẹja tó wà lórí tábìlì kò sì jẹ́ ti ènìyàn méjì nìkan.

Ẹni kìíní tí kò sí nídìí tábìlì ni ẹni tó mú ẹja náà. Ẹni tó ń sun ún kọ́ ló mú un. Láàárín omi àti iná, ẹja lè ti gba ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ti yọ èrè tirẹ̀. Ẹni kejì ni ìyá ilé tó ń gbé àdúgbò náà. Nígbà tí ilé-ìtura bá ti ṣe tán láti ra ẹja ńlá ní owó gegere, ẹja ńlá kò ní yà sí ọ̀nà ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn wẹ́wẹ́ ni yóò máa rà, àwọn wẹ́wẹ́ náà á sì máa gbówó lórí. Ẹni kẹta ni ọmọ tí a kò tíì bí, tí yóò fẹ́ rìn nínú omi yẹn pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ ní ogún ọdún sí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń dá iye. Kò sí èyí tó fọwọ́ sí i. Báwo ni owó tí wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀ ṣe lè parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú wọn?

Àwọn baba wa ti rí irú èyí kí a tó bí wa. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwe yìí kò sọ pé àgbà náà jalè. Oúnjẹ náà lè jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Ohun tí òwe bá a wí fún ni pé kò wẹ̀yìn, kò wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tó tọ́ sí ni láti jẹ ni ọ̀tọ̀, bí a ṣe jẹ ẹ́ ni ọ̀tọ̀.

Àpẹẹrẹ mìíràn nìyí láti inú ẹ̀sìn wa. Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò kí ó má gba ààwẹ̀ Rámádáànì ní ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀, kí ó san án padà lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan nínú wa wà ní Zanzibar nínú oṣù Rámádáànì, tó ń lo ìyọ̀ǹda yìí. Ṣé ó yẹ kó jókòó sójú títì lọ́sàn-án gangan, kí ó máa fi eyín ya ẹja sísun lójú àwọn tí ètè wọn ti gbẹ? Gbogbo wa la mọ̀ pé kò yẹ. A yọ̀ǹda fún un láti jẹun; a kò sọ pé kí ó máa jẹ ẹ́ síni lójú. Ẹni tó bá lóye èyí ti lóye gbogbo ohun tí à ń sọ: ìyọ̀ǹda ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwà rere, kì í ṣe òpin rẹ̀.

Ṣé kí a wá jókòó sílé?

Ẹlòmíràn lè wá sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá le tó báyìí, kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀. Rárá o. Jíjókòó sílé kò fi oúnjẹ sẹ́nu apẹja. Obìnrin tó rí pweza kan mú ní àárọ̀ nílò ẹni tí yóò rà á ní ìrọ̀lẹ́. Owó àlejò ń san owó ilé-ìwé, ó ń ra oògùn, ó ń tún ọkọ̀ tó ń jò ṣe. Nígbà tí àrùn kòrónà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2020 tí ìrìn-àjò dúró káàkiri ayé, àwọn ìlú tó gbẹ́kẹ̀ lé àlejò rí i bí ọjọ́ ṣe ń gùn tó nígbà tí àlejò kò bá wá. Nítorí náà, ẹni tó yẹra fún tábìlì wọn nítorí kí ọkàn tirẹ̀ lè mọ́, ara rẹ̀ nìkan ló ràn lọ́wọ́. Kì í ṣe pé kí a má lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni bí a ṣe máa jẹun bí a bá dé ibẹ̀.

Ohun tí pweza lè kọ́ wa

A ti ń dárúkọ pweza bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Pweza kì í pẹ́ láyé. Nǹkan bí ọdún kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni gbogbo ọjọ́ ayé irú èyí tí wọ́n ń mú ní etí òkun wọ̀nyí. Ó ń yára dàgbà púpọ̀ láàárín àkókò kékeré yìí, tó fi jẹ́ pé èyí tó kéré lónìí yóò ti wúwo dáadáa ní oṣù méjì mẹ́ta sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin. Yóò so ẹyin náà rọ̀ sínú ihò, yóò jókòó tì í, kò ní jẹun mọ́, títí àwọn ọmọ yóò fi jáde. Lẹ́yìn èyí, òun náà á kú. Ẹni tó bá fa abo kan yọ kí ó tó yé, ọ̀kan kọ́ ló mú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló mú.

Ní ọdún 2004, àwọn ará abúlé Andavadoaka ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Madagásíkà fẹnu kò pé àwọn yóò ti apá kan nínú àpáta òkun wọn pa fún oṣù díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú pweza níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, pweza tí wọ́n rí tóbi, ó sì pọ̀. Àwọn abúlé tó yí wọn ká rí i, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n náà tàn kálẹ̀ dé apá ibòmíràn ní etí Òkun Íńdíà, títí kan Zanzibar fúnra rẹ̀. Ní Kisiwa Panza, ní apá gúúsù Pemba, àwọn ará abúlé ń ti apá kan òkun wọn pa, wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì ń dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni irú títì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe olówó. Inú omi yẹn ni oúnjẹ ọ̀la wọn wà. Síbẹ̀ wọ́n ká ọwọ́ kò fún oṣù mẹ́ta kúrò níbi tí wọ́n mọ̀ dájú pé ohun jíjẹ wà. Àwa tí a jẹun yó kí a tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, ṣé a kò lè fi igi kan ṣoṣo sílẹ̀ nígbà tí a bá rí i pé ohun tí wọ́n gún mọ́ ọn kò tíì dàgbà? Bí ẹni tí ebi lè pa bá mọ bí a ṣe ń dúró, kí ni àwíjàre ẹni tó yó?

"Tèmi nìkan kọ́ ni yóò ba òkun jẹ́"

A mọ èsì tí yóò tẹ̀ lé e. Ẹnì kan yóò ní: "Ẹ gbọ́ ná, bí mo bá kọ̀ ọ́, ẹni tó dúró lẹ́yìn mi yóò rà á. Ó ti kú tẹ́lẹ̀, kíkọ̀ mi kò lè jí i. Tèmi nìkan kọ́ ni yóò ba òkun jẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, a kò sì ní díbọ́n pé kò lágbára. Lóòótọ́, pweza kan tí a kọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan kò lè gba òkun là.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ kan náà sẹ́nu obìnrin Kisiwa Panza kí a wo bí yóò ṣe rí. Òun náà lè sọ pé ọ̀pá tèmi nìkan kọ́ ló ń pa gbogbo pweza. Bí mo bá dúró, ará ilé kejì yóò mú un. Bí obìnrin kọ̀ọ̀kan bá sọ bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ni olúkúlùkù wọn sọ, òkun á sì gbẹ mọ́ wọn lójú. Ohun tó ti òkun pa kì í ṣe pé ẹnì kan lágbára jù. Ó jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà láti má lo àwíjàre tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀. Àwíjàre tí a kò ní gbà lẹ́nu wọn kò yẹ kí ó dùn lẹ́nu tiwa.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tó ń tà ń wo ohun tí a nawọ́ sí àti ohun tí a fi sílẹ̀. Bí alákàṣà tó gbé ẹyin sábẹ́ ìrù bá ń tà gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò gbé ẹyin, kí ni yóò mú kí apẹja dá a padà sínú omi? Ṣùgbọ́n bí àlejò mẹ́wàá bá béèrè lálẹ́ kan pé níbo ni èyí ti wá, ṣé ó ti dàgbà tó, ẹni tó ń tà yóò bi ẹni tó ń kó o wá. Ìbéèrè náà yóò rìn títí yóò fi dé inú omi. Ìbéèrè kò náni lówó, kò sì bu ẹnikẹ́ni kù, bí a bá fi ọ̀wọ̀ bi í.

Bí a ṣe ń náwó àti bí a ṣe ń ná ọjà

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò fẹ́ fò. A mọ̀ pé Yorùbá mọ ọjà ná. Kò sí aburú níbẹ̀; ẹni tí kò ná ọjà kò ní gba èènì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni à ń ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀? Ní ilé-ìtura ńlá, wọ́n kọ iye sára ìwé, wọ́n fi owó ìtọ́jú lé e, a ó wò ó, a ó gbé ẹnu dákẹ́, a ó sì san án. Lọ́dọ̀ ẹni tó gbé ààrò rẹ̀ ka iyanrìn, tí èéfín ń yọ lójú, ibẹ̀ ni a ti máa ń rántí pé a mọ ọjà ná. Ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì, a ó máa ṣe bí ẹni fẹ́ lọ, a ó máa padà, títí a ó fi gbọn èrè gbogbo dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí a kò lè sọ̀rọ̀ níwájú alágbára, tí a wá di akin níwájú aláìní, irú akin wo nìyẹn? Owó tí a yọ níbẹ̀ kò tó ra omi fún wa ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ oúnjẹ alẹ́ ilé ẹlòmíràn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà nìkan ni ẹrù yìí wà. Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin, Al-Mutaffifin, fi ègún lé àwọn tó ń gba òṣùwọ̀n kíkún tí wọ́n sì ń wọn àbùkù fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fi ẹja àná pe ti òní, tó gbé e sórí iná lẹ́ẹ̀kan sí i kí àlejò má baà mọ̀, tàbí ẹni tó dá iye mẹ́ta fún àwọ̀ mẹ́ta, súrà náà ń bá a wí. Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá lo àìríran àlejò láti rẹ́ ẹ jẹ kò tíì ṣe òwò, ó ń ṣe ọdẹ ènìyàn ni. Ẹ̀tọ́ tí à ń sọ yìí ń rìn lọ, ó sì ń rìn bọ̀.

Kí ni kí a wá ṣe?

A kò fẹ́ fi òfin tuntun dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí Ọlọ́hun kò fi ẹ̀sìn ni wá lára. Ohun díẹ̀ nìyí tí ó wà níkàáwọ́ gbogbo wa:

Ẹ jẹ ohun tó dàgbà, kí ẹ fi ọmọdé inú omi sílẹ̀ kí ó dàgbà.

Ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí mú lónìí, kí ẹ jẹ ẹ́, dípò kí ẹ fi dandan lé ohun tí ẹ ti pinnu láti ilé pé ẹ fẹ́ jẹ. Ẹja tí ìdílé apẹja fúnra rẹ̀ ń jẹ sábà máa ń dùn.

Ẹ má ṣe paṣẹ ju bí inú yín ti gbà lọ. Súrà keje, ẹsẹ 31, gbà wá láyè láti jẹ àti láti mu, ó sì kọ àṣejù fún wa. Ẹja tí a fi ṣòfò ti kú lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá ná ọjà, ẹ fi èrè sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹun lọ́dọ̀ ọmọ ìlú nígbà tí ààyè bá wà, kí owó lè sún mọ́ ọwọ́ tó mú ẹja.

Kí ẹ sì rántí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí a bá lè ná tó báyìí lórí ẹnu tiwa fún ọ̀sẹ̀ kan, ó yẹ kí díẹ̀ nínú irú owó bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ aláìní tó wà ládùúgbò wa nílé. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Lákòótán, owó tí a san fún ẹja etí òkun ti parí ọ̀rọ̀ láàárín àwa àti ẹni tó tà á, Ọlọ́hun sì ti fi ìyọ̀ǹda Rẹ̀ mú kí ó dùn lẹ́nu wa. Ohun tó kù kì í ṣe gbèsè tí ẹnikẹ́ni lè wá gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí a jẹ kò mọ orúkọ wa, kò sì ní mọ̀ bóyá a san án tàbí a kò san án. Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ ìwà ọmọ Mùsùlùmí, nítorí èyí tí ayé lè béèrè, tipátipá la ó san án.

Kí Ọlọ́hun bù sí àlùbáríkà òkun àti ilẹ̀ fún wa, kí Ó fún àwọn tó ń fi ẹ̀mí wọn wọ omi nítorí oúnjẹ wa ní ìsọ́, kí Ó má sì ṣe wá ní àjẹìwẹ̀yìn. Àmín.